Àpò Tí N Kò Tú

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe dùwáánì ní Ìlárá.
Mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà, mo ki ọwọ́ bọ inú gàrí,
mo fi irin gígùn gún àpò sìmẹ́ńtì,
mo tú ẹrù ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo tọrọ àforíjì, mo tún tú u.
Kò sí ohun tó gba ẹ̀yìn mi kọjá:
bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wí fún àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, mo padà sí Kétu,
mo kọ́ ilé adìyẹ sẹ́yìn ilé bàbá mi.
Òjìlérúgba òròmọdìyẹ, nínú páálí, láti Pọ́bẹ̀,
wọ́n ń ké bí ọmọ ilé-ìwé ní agogo méjìlá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn kan dákẹ́.
Ìyẹ́ wọn dìde bí ẹni tí òtútù ń mú,
ìgbẹ́ wọn funfun bí omi ẹfun,
wọ́n sì ń yíjú sẹ́yìn, wọ́n ń ṣá ìdí ara wọn,
bí ẹni pé nǹkan kan wọlé síbẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn.
Mẹ́rìndínlógún kú.
Lọ́jọ́ keje, àwọn tó kù jẹun.
Mo ní fún ìyàwó mi pé ìjì ti kọjá.

N kò mọ̀ pé ẹni tó wá kò wá jalè.
Oníbodè ló wá pa,
ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Mo kán oògùn àjẹsára lùkúlùkú sí wọn lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Omi lórí ewé kókò.
Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́,
wọ́n ń wo òrùlé bí ẹni tó ń wá orúkọ tó gbàgbé.
Ikọ́ tí adìyẹ aládùúgbò wú, tó sì gbàgbé, tèmi fi kú.
Eruku. Òjò alẹ́ kan. Omi àná nínú ike.
Ohun tí kì í pa adìyẹ ń pa adìyẹ.

Sẹ̀lìfátù Adékàńbí gun alùpùpù dé.
Ó ní mo ti tú báàgì òun rí ní Ìlárá. N kò rántí.
Ó mú abẹ, ó la ọ̀kan láti igẹ̀ dé ìdí.
“Bàbá, ẹ wò ó.”
Lókè ihò ìdí, àpò kékeré kan, kò tó ẹ̀pà.
“Ó yẹ kó tó ekùrọ́.
Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ ti ń kàwé,
kí wọ́n tó lè dá ojú ọ̀tá mọ̀.
Gọ̀mbórò ló jó ilé-ìwé náà.
Oògùn tí ẹ kán, olùkọ́ ni. Kò bá ẹnì kankan ní kíláàsì.”

Mo ní: báwo ló ṣe wọ Kétu,
ìlú tí Àkàbà Ìdènà ṣì dúró?
Kò dáhùn. Ó ń wo ara ògiri:
àpò oúnjẹ àlòkù mẹ́wàá,
tí mo rà ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan
tó ní òun kò sin adìyẹ mọ́.
N kò bi í pé kí ló dé.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.
Mo gbọ́ ọ láti kékeré.
N kò mọ̀ pé ikú ilé lè ní fìlà dùwáánì,
kó sì máa gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù.

Mọ́kànlá ló kù. Ó ní kí n má fi wọ́n de àwọn tó ń bọ̀.
A sun gbogbo rẹ̀, àti àwọn àpò náà.

Ní báyìí, ọpọ́n omi jafẹ́ẹ̀lì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọ ọmọ mi fò ó kọjá.
Mo ní: padà, ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Ó ní: Bàbá àgbà, kò sí adìyẹ kankan níbẹ̀.
Mo ní: mo mọ̀.
Padà.